Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Porto dé Santiago lọ́nà etí òkun, èmi nìkan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adùnní_Leeds
Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 54 ni mí, Leeds ni mò ń gbé, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Màmá mi kú ní Abẹ́òkúta lọ́dún tó kọjá, mi ò sì lè lọ sìnkú wọn torí ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde nígbà yẹn, orí WhatsApp ni mo ti wo bí wọ́n ṣe gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún já kí wọ́n tó bo erùpẹ̀. Àtìgbà yẹn ni nǹkan kan ti há mi láyà. Ìjọ Àgùdà ni màmá mi, àbúrò mi ti fi rósárì wọn ránṣẹ́ sí mi, mo wá pinnu pé màá gbé e rìn láti Porto ní Pọ́túgàl dé Santiago de Compostela ní Spéìn, níbi tí wọ́n ní sàréè Jákọ́bù Àpọ́sítélì wà, ọ̀nà etí òkun yẹn, nǹkan bíi 280 kìlómítà. Èmi nìkan ni mo fẹ́ rìn ín. Mo fẹ́ sunkún mi bó ṣe yẹ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sọ fún mi pé ó tó.

Mo ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí: ọkọ mi àtàwọn ọmọ ò gbà, wọ́n ní kí ni obìnrin dúdú kan ṣoṣo ń wá nínú oko àwọn òyìnbó. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo sì ń lò, mo rò pé físà Pọ́túgàl ni màá gbà torí ibẹ̀ ni pléènì ti máa balẹ̀, àbí? Mo tún gbọ́ pé odò ńlá kan wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì tí kò ní afárá níbi tí ọ̀nà gbà. Orúnkún ọ̀tún mi náà máa ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá ti rìn ín rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Bàbá_Ìbejì
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àǹtí, ọkọ yín ló sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa ọkọ̀ ẹrù lọ Spéìn, mo mọ apá Galicia yẹn, níbi tí Santiago wà, dáadáa, tílẹ̀ bá ti ṣú ẹ lè lọ jìnnà kí ẹ tó rí iná. Tẹ́sẹ̀ bá yẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Ta lẹ máa pè, èdè wo lẹ sì máa fi pè é? Ṣebí àwọn ìjọ máa ń kó èèyàn lọ, bọ́ọ̀sì á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ gbàdúrà yín, ẹ padà sílé. Ọlọ́run ò bi wá pé kìlómítà mélòó la rìn.

Ọmọ_Òkèàdó
Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sà, títì tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà kọ́ ni ọ̀nà yìí. Mo rìn ín ní May 2023, èmi nìkan, ọjọ́ 13 ni mo fi rìn ín, kò sí ọjọ́ kan tí mo rìn wákàtí méjì láìrí ẹlòmíì tó gbé báàgì sẹ́yìn. Lọ́dún 2024 nìkan, àwọn tó dé Santiago tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000 lápapọ̀, gbogbo ọ̀nà tó wọbẹ̀ pátá. Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ ti máa dá wà mà, àfi kẹ́ ẹ tètè jí o, torí ojú kan náà lẹ máa máa rí lójoojúmọ́, lọ́jọ́ kẹta ẹ ti mọ ẹni tó ń hanrun.

Bó ṣe lọ nìyí. Ẹ ó gba ìwé credencial ní Sé, ìyẹn kàtídírà Porto, ìwé tí wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí níbi tẹ́ ẹ bá sùn àti ní ilé oúnjẹ. Ẹ wọ métírò lọ Matosinhos, torí inú ìlú Porto ò ní nǹkan kan fún yín, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Látibẹ̀ dé Vila do Conde, pákó ni wọ́n tẹ́ sórí iyanrìn, òkun wà lọ́wọ́ òsì yín, á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn Póvoa de Varzim, Esposende, Viana do Castelo, Vila Praia de Âncora, Caminha. Kẹ́ ẹ sọdá odò Minho tó pààlà Pọ́túgàl àti Spéìn bọ́ sí A Guarda, kẹ́ ẹ wá kọjá Oia, Baiona, Vigo dé Redondela, ibẹ̀ lọ̀nà etí òkun ti pàdé èyí tó gba àárín ilẹ̀ wá, lẹ́yìn náà Pontevedra, Caldas de Reis, Padrón, Santiago.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni afẹ́fẹ́. Àwọn ará Pọ́túgàl ń pè é ní nortada, láti àríwá ló ti ń fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àríwá náà la sì kọjú sí, nítorí náà ojú yín gan-an ló máa gbá, pẹ̀lú iyanrìn, ó máa ń le jù lẹ́yìn ọ̀sán. Mo máa ń gbéra kété tílẹ̀ bá mọ́ kí n lè ti débi tí mò ń lọ ní aago kan. Tẹ́ ẹ bá sì rìn wọ ìrọ̀lẹ́, apá òsì nìkan ni oòrùn máa ń pa torí pé ìwọ̀ oòrùn ni òkun wà. Ẹ má gbà pé awọ ara wa ò nílò ìpara oòrùn, etí òsì mi bó, ọrùn mi bó.

Pákó yẹn tutù sẹ́sẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìrì tàbí òjò bá wà lórí ẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Ti orúnkún yín, kì í ṣe òkè ló máa dùn ún jù bí kò ṣe àwọn òkúta kéékèèké tí wọ́n tò sójú pópó àwọn abúlé Pọ́túgàl, kò sí èyí tó tẹ́jú nínú wọn. Ẹ ra ọ̀pá méjì. Ẹ má rà á ní Leeds o, ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ òfúrufú ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọnú pléènì, Porto ni kẹ́ ẹ ti rà á.

Rísí_Dublin
Àǹtí Adùnní, ẹ kú ìrọ́jú. Mùsùlùmí ni mí, mo sì rìn ín, torí náà ẹnikẹ́ni lè rìn ín. Orí iyanrìn ni mo ti ń kírun àárọ̀, kò sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu.

Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ métírò tí Ọmọ Òkèàdó sọ. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní kàtídírà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò Douro, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé odò náà títí dé Foz níbi tó ti wọ òkun. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Èmi rí ibi tí odò ti di òkun pẹ̀lú ojú ara mi, ibẹ̀ ni mo ti gbà pé mo ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Téèyàn bá wọ métírò fò ó, ohun ẹlẹ́wà ló fò. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má gbìyànjú láti dé Vila do Conde lọ́jọ́ yẹn, ó máa lé ní ọgbọ̀n kìlómítà, ẹ sùn ní Labruge tàbí ibikíbi tó bá sún mọ́ ọn.

Ẹsẹ̀: ohun tó ń dá èèyàn padà sílé nìyẹn, kì í ṣe ọkùnrin burúkú. Mo rí géńdé tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà tó ń sunkún torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti lé ròrò tán. Òrí ni mo lò. Òrí tiwa tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn gan-an, èyí tí wọn ò po nǹkan mọ́. Láàárọ̀ kí n tó wọ ìbọ̀sẹ̀, màá fi pa àárín ọmọ ìka, gìgísẹ̀, àti ibi tí eegun ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, kí n tó wá wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn lé e. Tó bá ti di agogo mẹ́wàá màá jókòó, bọ́ bàtà, bọ́ ìbọ̀sẹ̀, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹsẹ̀ gbẹ, kí n tún pa á. Tí ibì kan bá ti ń gbóná lẹ́sẹ̀ yín, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dúró, ẹ má sọ pé ó ku díẹ̀. Bàtà kó fi díẹ̀ tóbi ju ti ojoojúmọ́ lọ torí ẹsẹ̀ máa ń wú. Ẹ ti wọ̀ ọ́ rìn ní Leeds fún oṣù kan, ó kéré tán.

Ibùsùn: àwọn albergue (ilé ibùsùn àwọn arìnrìn-àjò) ìjọba ní Galicia kì í gba búkíìnì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣílẹ̀kùn ní aago kan ọ̀sán. Ti àdáni ni wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn san owó ẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ gbé igun fóòmù sókè, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo etí rírán ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú tíntìntín bí orí abẹ́rẹ́, ìdun nìyẹn, ẹ jáde.

Délé_Croydon
Mo wá nítorí ọ̀rọ̀ físà nìkan. Àǹtí mi, ibi tí pléènì bá balẹ̀ kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Físà Schengen kan ṣoṣo ló kárí orílẹ̀-èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa sùn jù sí lẹ ti máa bèèrè. Ẹ ka òru yín. Tẹ́ ẹ bá sun òru kan ní Porto, ẹ fi márùn-ún rìn dé Caminha, mẹ́fà nìyẹn. Spéìn wá jẹ́ Oia, Baiona, Vigo, Redondela, Pontevedra, Caldas, Padrón, àti méjì ní Santiago, mẹ́sàn-án. Spéìn nìyẹn. Tí iye òru méjèèjì bá dọ́gba nìkan ni ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ́kọ́ wọlé á tó pinnu ẹ̀. Èèyàn mi kan gba ibi tí kò yẹ, wọ́n dá a padà, owó ẹ̀ sì wọgbó.

Owó ẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà. Ẹ lè bèèrè láti oṣù mẹ́fà sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ku dín ní ọjọ́ 15 sí ìrìn-àjò yín kẹ́ ẹ tó bèèrè. Inṣọ́ránsì ìrìn-àjò tó kárí ìwòsàn 30,000 yúrò ó kéré tán. Àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn lóru kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Rísí ti kan yín: albergue ìjọba tí kì í gba búkíìnì ò ní fún yín ní ìwé kankan tẹ́ ẹ lè fi hàn. Ẹ búkù ti àdáni tó ṣeé dá padà láìsanwó.

Ìyá_Tómi
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí látàárọ̀, mo ń rò ó bóyá kí n sọ ọ́ tàbí kí n má sọ ọ́. Ẹ ní ká sọ òótọ́.

Ọkùnrin kan tẹ̀ lé mi. Apá Spéìn ni, ọ̀nà inú igbó igi yukalípítọ́ọ̀sì, òjò ti lé àwọn èèyàn wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ ẹ̀ kọjá, ó dúró níwájú, mo kọjá lára ẹ̀, ó tún wakọ̀ kọjá, ó tún dúró. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó dúró, mo yí padà, mi ò sáré, mo rìn padà sí ilé kafé tí mo ti kọjá ní nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, mo jókòó síbẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ife kọfí torí wọ́n ń gbọ̀n. Mo sọ fún obìnrin tó ni kafé nípasẹ̀ fóònù tó ń túmọ̀ èdè. Kò jẹ́ kí n sanwó kọfí yẹn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ó ń wo títì títí àwọn obìnrin Jámánì méjì fi dé, mo bá wọn lọ. Ó fi rọ́ọ̀lù búrẹ́dì méjì sápò báàgì mi láìsọ fún mi, ìgbà tí mo dé Redondela ni mo rí i.

Àṣìṣe mi ni pé mi ò pe 112 nígbà tó dúró lẹ́ẹ̀kejì. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Pọ́túgàl àti ní Spéìn. Ẹ tún gba áàpù AlertCops sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ti àwọn ọlọ́pàá Spéìn ni, ẹ lè fi ké sí wọn kó sì fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kan máa rí ibi tẹ́ ẹ wà lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ sì má gbé fọ́tò sí Facebook lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yà á. Tí Ọmọ Òkèàdó ní kẹ́ ẹ tètè gbéra, ẹ jẹ́ kílẹ̀ ti là kedere, kẹ́ ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì wọ igbó.

Bàbá_Ìbejì
Ṣé ẹ ti gbọ́. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Ìyá_Tómi
Bàbá, ẹ ṣeun sà, mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín. Ṣùgbọ́n mo parí ìrìn náà, ọjọ́ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, èmi nìkan ni mo tún rìn ín. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ 14. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ mélòó lẹ̀rù ń bà mí lọ́sẹ̀ tí mo bá ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́?

Túnjí_Lisbon
Odò Minho. Ẹ má gbọ́kàn lé ọkọ̀ ojú omi ńlá Caminha, iyanrìn máa ń kún odò yẹn, ó sì ti pẹ́ tí ọkọ̀ ńlá yẹn ti ń ṣe ségesège. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ló ń gbé àwọn arìnrìn-àjò kọjá báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tí afẹ́fẹ́ bá le tàbí tí omi bá fà, wọn ò ní lọ. Ẹ bèèrè lálẹ́ tó ṣáájú. Ẹ sì rántí pé aago Spéìn fi wákàtí kan síwájú ti Pọ́túgàl, ẹni tó sọdá ní agogo mẹ́jọ, agogo mẹ́sàn-án ti lù fún un lódìkejì.

Bí wọn ò bá lọ, ẹ máa tẹ̀ lé etí odò náà lọ sókè dé Valença, ọ̀nà tó dáa ni, ó gba Vila Nova de Cerveira, kẹ́ ẹ gba afárá onírin tí wọ́n ṣí ní 1886 wọ Tui.

Ọmọ_Òkèàdó
Túnjí, ìyẹn lè sún mọ́ 30 kìlómítà, tó bá sì dé Tui ó ti pàdánù gbogbo etí òkun Spéìn, kò ní rí Oia, kò ní rí Baiona. Afárá mìíràn wà ní Cerveira fúnra ẹ̀ tó lọ sí Goián, ó lè gbabẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ padà sí A Guarda. Tàbí kó wọ takisí. Oia yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń pàdánù, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ kan wà tó kọjú sí òkun gbalaja, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fọ ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀.

Díákónì_Wálé
Ọ̀nà Faransé, èyí tó wá láti ilẹ̀ Faransé dé Santiago, ni mo rìn ní 2018, nǹkan bíi 780 kìlómítà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò rò pé ọ̀nà etí òkun yìí ló jinlẹ̀ jù nínú ẹ̀mí, ilé ìtura àti ibi ìwẹ̀ òkun pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ fiyè sí i pé ó kéré tán 100 kìlómítà lẹ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn dé Santiago kẹ́ ẹ tó gba ìwé ẹ̀rí, ẹ máa gba òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́. Ẹ sì má tẹ̀ lé ọfà aláwọ̀ búlúù, ìlú Fátima ní Pọ́túgàl ló ń lọ, ẹ̀yìn ló máa dá yín padà sí. Ọfà yẹ́lò ni tiyín.

Rísí_Dublin
Ẹ̀gbọ́n Díákónì, ṣebí òkun lẹni tẹ́ ẹ lọ kí gan-an gbà wá. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ, Jerúsálẹ́mù ni wọ́n pa Jákọ́bù sí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ gbé òkú ẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, Padrón sì ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí. Òkúta tí wọ́n ní wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ṣì wà lábẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, mo wò ó. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá dé Pontevedra tẹ́ ẹ sì ní ọjọ́ kan sí i, ẹ yà sí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Variante Espiritual, ó gba Combarro àti Armenteira dé Vilanova de Arousa, wọ́n á wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé yín gòkè odò lọ sápá Padrón. Ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n gbé òkú náà gbà nìyẹn. Òkè Armenteira ga o, ẹ ronú orúnkún yín.

Mama_Gàrí
Ẹ gbé gàrí dání, kò wúwo, omi tútù ti tó o. Mo gbé kílíṣí náà.

Túnjí_Lisbon
Gàrí, bẹ́ẹ̀ ni. Kílíṣí, rárá o. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe wọ Yúróòpù láti Ìlú Ọba, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ máa mu ọbẹ̀ caldo verde, ewé àti ọ̀dùnkún ni, wọ́n máa ń ju ègé sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ kan sí i, ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kó tètè sọ.

Adùnní_Leeds
Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Tómi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mo ka tiyín sétí ọkọ mi láìyọ nǹkan kan kúrò, ó dákẹ́ títí, ó wá ní kí n gba áàpù yẹn lójú òun. A ti jọ ṣe é. Délé, físà Spéìn ni mo ti búkù ìpàdé ẹ̀. Báàgì mi jẹ́ kìlò mọ́kànlá, mo ti yọ ṣòkòtò méjì àti tówẹ́ẹ̀lì ńlá kúrò, ó ku méje.

Rísí, ọ̀rọ̀ òkú tí wọ́n gbé la òkun kọjá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Màá gba ọ̀nà yẹn, orúnkún á bá mi débẹ̀.

Adùnní_Leeds
(oṣù kẹsàn-án)
Ẹ kú alẹ́ o. Caminha ni mo wà, ọjọ́ kẹfà mi nìyí. Ọ̀gbẹ́ni ọkọ̀ ojú omi ní afẹ́fẹ́ ò gbà lónìí, ó lè má gbà lọ́la náà. Mo ti pinnu pé màá rìn lọ sí afárá Cerveira láàárọ̀, kí n gba ọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ padà sí A Guarda bí Ọmọ Òkèàdó ṣe wí, ó gùn jù ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí Oia.

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ̀ ń pè mí lálaalẹ́. Ẹsẹ̀ mi ò lé ròrò. Òrí ti jẹ tó ìdajì agolo. Lẹ́yìn Esposende láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kò sí èèyàn kankan níwájú, kò sí lẹ́yìn, mo jókòó sórí pákó mo ka rósárì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì pariwo sunkún. Ajá kan wá jókòó tì mí. Ó tẹ̀ lé mi títí dé abúlé tó kàn kó tó yà.